Lẹ́ńsì tí Bàbá Àgbà Ń Pè ní Gbogbo Ẹbí

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo ba lẹ́ńsì bàbá àgbà mi jẹ́. Dífáídà, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì tó máa ń wà nínú páálí iṣẹ́ ìṣirò, ni mo fi bà á jẹ́. Fún ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, èmi nìkan ni mo mọ̀. Bí mo ṣe ń wá ọ̀nà láti bo àṣírí náà ni mo ṣe di ẹni tó ń kó lẹ́ńsì àtijọ́ jọ, tí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ń pè mí ní Ìyá Onílẹ́ńsì. Wọn kò mọ̀ pé kì í ṣe ìfẹ́ ló kọ́kọ́ gbé mi débẹ̀. Ẹ̀rù ni.

Ayàwòrán ni bàbá àgbà mi. Ní àdúgbò wa nítòsí Ọjà Ọba ní Ìbàdàn, àwọn tó mọ orúkọ àbísọ wọn kò pọ̀. Bàbá Fótò ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Wọ́n ti yàwòrán ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìnáwó òkú àgbà, àwọn ìbejì tó wọ aṣọ kan náà, àti fọ́tò pélébé tí àwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Kámẹ́rà tí wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni Asahi Pentax Spotmatic, irú èyí tí àwọn ará Japan gbé jáde lọ́dún 1964. Àlòkù ni wọ́n rà á, lẹ́ńsì méjì ló sì bá a wá. Èkíní jẹ́ 55, òun ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Èkejì ni Super-Takumar 28. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fi ọwọ́ kan bò ó mọ́lẹ̀. Orúkọ tí Bàbá sọ ọ́ ni Gbogbo Ẹbí.

Yàrá ilé àtijọ́ kì í tóbi. Bí wọ́n bá pe Bàbá síbi ìsọmọlórúkọ, tí bàbá ọmọ, ìyá ọmọ, ìyá ọkọ, ìyá ìyàwó àti àwọn àbúrò tò tẹ̀lé ara wọn, lẹ́ńsì 55 á gé àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì kúrò. Bàbá á máa fà sẹ́yìn, fà sẹ́yìn, títí ẹ̀yìn wọn á fi kan ògiri. Ìgbà náà ni wọ́n á tú 55, wọ́n á yí 28 mọ́ kámẹ́rà, gbogbo ẹbí á sì wọlé.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára lẹ́ńsì yìí ni olùkọ́ Físíìsì wa ń pè ní focal length. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bó bá sì ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń fẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan hàn yín. Ojú àwòrán kan lórí fíìmù kámẹ́rà yìí fẹ̀ ní mìlímítà 36. Bí mo bá dúró ní mítà mẹ́fà sí ògiri kan, màá pín 36 sí ọ̀nà 55, màá sì fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó jẹ́ 3.9. Ìyẹn ni pé lẹ́ńsì 55 kò ní rí tó mítà mẹ́rin nínú ògiri náà. Lẹ́ńsì 28 yóò rí mítà 7.7. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 7.7 yìí sọ́kàn, nítorí òun ló wá tú àṣírí mi.

Nígbà tí fóònù gba iṣẹ́ mọ́ àwọn ayàwòrán lọ́wọ́, Bàbá ti sítúdíò pa, kámẹ́rà àti lẹ́ńsì sì wọ inú àpótí onígi kan lábẹ́ ibùsùn. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n wà. Tí òjò bá ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀ bó ṣe ń rọ̀ ní Ìbàdàn, tí atẹ́gùn kò sì dé ibi tí lẹ́ńsì wà, irú ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu lè hù nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo ṣí àpótí náà, mo yọ ìdérí 28, mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo sì rí i: àwọn okùn funfun tín-ín-tín tó ta bí òwú aláǹtakùn láti etí dígí wá sí àárín. Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n wà, n kò lè fi aṣọ nù wọ́n. Bí a bá sì fi wọ́n sílẹ̀ pẹ́, wọ́n á jẹ dígí fúnra rẹ̀, àpá wọn kò sì ní ṣeé wẹ̀ kúrò mọ́.

Mo fẹ́ tún un ṣe kí Bàbá tó mọ̀, kí inú wọn lè dùn. Mo ti wo fídíò méjì lórí rẹ̀, mo sì gbà pé mo ti di ọ̀gá. Òrùka tó di dígí iwájú mú ní ihò kékeré méjì. Irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì kan wà tí wọ́n fi ń yí i. N kò ní irinṣẹ́ náà. Mo wo páálí ìṣirò mi, mo rí dífáídà. Mo ki í bọ ihò méjèèjì, mo yí i, kò yí. Mo wá fi gbogbo agbára mi tẹ̀ ẹ́. Ẹnu kan yọ̀, ó sì kọjá lórí dígí náà. Títí di òní, bí ẹnìkan bá fi ṣíbí fa abọ́, etí mi ṣì máa ń rántí.

Ìlà tó fà kò gùn ju èékánná ọmọ ìka mi lọ, ṣùgbọ́n ó jìn. Mo dé ìdérí rẹ̀ padà, mo dá a sínú àpótí. Bàbá pè mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí ni mò ń ṣe nínú yàrá. Mo ní mò ń wá bàtà mi.

Ohun tí mo pinnu ni pé màá wá 28 mìíràn tó jọ ọ́, màá fi rọ́pò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di irun fún àwọn ọmọ àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé, mò ń tọ́jú owó náà sínú agolo mílíìkì. Nígbà tí ó pé ẹgbẹ̀rún méje náírà, mo mú un lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta rédíò àti kámẹ́rà àlòkù. Kò ní Takumar. Ohun tó mú jáde ni lẹ́ńsì Soviet kan tó ń jẹ́ MIR-1, tí wọ́n kọ Grand Prix Brussels 1958 sí lójú nítorí ẹ̀bùn tí irú rẹ̀ gbà níbi ìpàtẹ àgbáyé tó wáyé ní Brussels lọ́dún náà. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 37. Mo ṣe ìṣirò mi lórí ìdúró: ní mítà mẹ́fà, yóò rí mítà 5.8. Kì í ṣe ohun tí mo wá rà nìyẹn. Mo rà á bẹ́ẹ̀ náà. Bí mo ṣe gbé e sọ́wọ́, ó wúwo, ó tutù, òrùka rẹ̀ ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì ti kà pé ọ̀kan nínú ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè Rọ́ṣíà ni àlàáfíà. Àlàáfíà ni mo nílò nígbà náà.

Mo yí i mọ́ Spotmatic Bàbá, ó sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí! Lẹ́ńsì Rọ́ṣíà, kámẹ́rà Japan. Ó yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ìdè kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Jámánì, Japan àti Soviet jọ lò láyé ìgbà náà. Bí ìdérí ìgò ni wọ́n ń yí i wọlé, fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 42, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní M42.

Ibẹ̀ ni nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ mọ ìdí tí dígí iwájú 28 fi tẹ̀ wọnú lódì kejì bí abọ́, nígbà tí olùkọ́ wa kọ́ wa pé dígí tó yọ ikùn ni ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ìdáhùn rẹ̀ dùn mọ́ mi. Nínú kámẹ́rà bíi Spotmatic, dígí kan wà lẹ́yìn lẹ́ńsì tó ń gbé àwòrán lọ sí ojú ayàwòrán. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, ó máa ń fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù. Dígí yìí nílò àyè. Láti ibi ìdè M42 dé ojú fíìmù jẹ́ mìlímítà 45 àti díẹ̀. Báwo wá ni lẹ́ńsì tó yẹ kó wà ní mìlímítà 28 sí fíìmù yóò ṣe dúró síbẹ̀ tí dígí náà kò ní gbá a? Pierre Angénieux, ará Faransé kan, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yanjú rẹ̀. Lẹ́ńsì tó gbé jáde lọ́dún 1950 ní dígí ńlá kan níwájú tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká ná, kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó kó o jọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á pàdé níbi tó jìnnà sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ, dígí kámẹ́rà á sì ráyè fò. Àwọn ará Zeiss ní Jena náà ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní Flektogon, òun sì ni MIR mi wò jọ. Mo dìde ní kíláàsì, mo ṣàlàyé gbogbo èyí. Olùkọ́ wa ní kí n wá ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó. Mo yà á tán kí n tó rántí pé irin tó wà lọ́wọ́ mi ni dífáídà.

Lẹ́ńsì kẹta kò ná mi lówó. Ìyá mi máa ń lọ ra aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn, mo sì bá wọn lọ nígbà ìsinmi kan. Ẹni tí wọ́n ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìyá kan wà ní ìdíkejì òpópónà tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú jẹ́ ayàwòrán. A lọ kí wọn. Wọ́n gbé báàgì kan jáde lábẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọn kò tíì ṣí i láti ọdún tí bàbá náà ti kú. Super-Takumar 35 wà nínú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Mo béèrè iye rẹ̀. Màmá náà ní àwọn kì í ta ojú ọkọ àwọn. Lẹ́yìn tí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n máa mú un lọ, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ fi ya àwọn, nítorí ọkọ àwọn ya gbogbo ayé tán, ó ń fi tàwọn dọ́la títí ó fi lọ. Mo ní fíìmù díẹ̀ nínú Spotmatic. Mo yà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, tàwọn ti ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Nígbà tí mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́, wọ́n fi odidi ìpéta kan ránṣẹ́ padà.

Lẹ́ńsì mẹ́ta, kò sì sí 28 tuntun láàárín wọn. Mo yá kámẹ́rà Canon àbúrò ìyá mi, èyí tí kì í lo fíìmù, mo ra irin tí wọ́n fi ń so lẹ́ńsì M42 mọ́ ọn, mo ní bóyá 35 á ṣe iṣẹ́ 28 lórí rẹ̀. Òdìkejì ni mo bá. Ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú Canon náà kò fẹ̀ tó fíìmù. Mìlímítà 22 péré ni. Ẹ tún ìṣirò yẹn ṣe, ẹ ó rí i pé 35 lórí rẹ̀ kò rí ju ohun tí 55 ń rí lórí fíìmù lọ. Mo ti na owó irun oṣù méjì.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, ẹbí ṣe ìpàdé. Ilé tí bàbá Bàbá kọ́, ilé onílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí a bí Bàbá sí, ni wọ́n fẹ́ wó láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn tó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù sì borí. Bàbá kò sọ púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: kí gbogbo ọmọ ilé pé jọ níwájú ilé náà ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, kí a ya fọ́tò kan, kí ilé àti èèyàn jọ wọ inú rẹ̀. Wọ́n nàka sí mi. “Àbẹ̀kẹ́ ni yóò yà á. Gbogbo Ẹbí ni yóò sì fi yà á.”

Ní ọjọ́ kejì, mo mú téèpù lọ wọn ibẹ̀. Láti iwájú ilé wa dé ògiri ilé tó dojú kọ ọ́, mítà mẹ́fà. Fífẹ̀ iwájú ilé, mítà méje ààbọ̀. Mo jókòó sórí pèpéle, mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta. MIR kò gbà á. 35 rí mítà mẹ́fà àti díẹ̀, yóò gé igun ilé méjèèjì. Àyàfi 28.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ fún ọdún méjì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ha dígí Gbogbo Ẹbí.”

Wọ́n pa rédíò. “Nígbà wo?”

“Ó ti lé ní ọdún kan ààbọ̀.”

Wọn kò pariwo. Ì bá sàn fún mi tí wọ́n bá pariwo. Wọ́n ní, “Ọdún kan ààbọ̀, o sì ń bá mi jẹun nínú abọ́ kan.” Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ mi ni wọ́n ń pè, bí olùkọ́ tó ń mú orúkọ. Màmá àgbà bá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo fi lẹ́ńsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mi síwájú wọn, mo ní kí wọ́n gba gbogbo wọn. Wọn kò wò wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n ní, “Àbẹ̀kẹ́, gbé àpótí yẹn wá.” A mú 28 lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan, ayàwòrán bíi tiwọn, tó ṣì ń fọ fíìmù nílé. Ó ní irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tòótọ́. Kò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí òrùka náà fi tú. Ó wẹ okùn funfun wọ̀nyẹn kúrò, wọn kò tíì jẹ dígí púpọ̀. Ní ti ìlà tí mo fà, Bàbá gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n yí i síhìn-ín, yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n ní kì í ṣe ìlà náà ni yóò hàn nínú fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọ lù ú ni yóò fọ́n ká, yóò sì jẹ́ kí àwòrán ṣe funfun bí ẹni pé èéfín bò ó. Wọ́n ní kí n mú tádàwà dúdú wá. Wọ́n fi ẹnu ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tọ́ ọ, wọ́n kùn ún sínú ìlà náà ní díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì nu èyí tó kù kúrò. Ọwọ́ wọn tó ti ń gbọ̀n nídìí ife tíì kò gbọ̀n rárá níbẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Bàbá mú, nítorí oòrùn máa ń yọ láti ẹ̀yìn ilé tó dojú kọ wa. Yóò wà lẹ́yìn mi, kò ní kọ lu dígí, òjìji ilé yẹn yóò sì bo gbogbo èèyàn, ẹnikẹ́ni kò ní dijú. Mo fẹ́ gbójú kámẹ́rà sókè kí òrùlé lè wọlé. Wọ́n ní rárá, bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ ògiri yóò dà bí ẹni tó ń ṣubú sẹ́yìn. Tábìlì sítúdíò àtijọ́ ni wọ́n ní kí wọ́n gbé wá, kí n gun orí rẹ̀ pẹ̀lú igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí kámẹ́rà máa wo ọ̀ọ́kán. Bátìrì tí ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú Spotmatic ń lò kò sí lórí àtẹ mọ́, nítorí náà fóònù ni mo fi wọ̀n ọ́n: f/8, ìdá 125 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo yí òrùka sí mítà mẹ́rin. Àmì tó wà lára lẹ́ńsì fi hàn pé láti bíi mítà méjì lọ, ohun gbogbo yóò mọ́ kedere.

Èèyàn mẹ́tàlélógún. Bàbá sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé lẹ́ńsì olójú fífẹ̀ máa ń na ẹni tó bá wà ní etí àwòrán, kí n fi àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀. Mo tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àǹtí mi kan, tí n kò ní sọ orúkọ wọn, tí ara wọn sì gbà wọ́n dáadáa, ní àwọn kò ní dúró lẹ́yìn ìyàwó kékeré kankan. Ìgbẹ̀yìn ìlà lọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n lọ dúró. Ta ni èmi? Mo ya mẹ́sàn-án. Ní ìkẹwàá, Bàbá pariwo láti àárín pé kí èmi náà wá. Mo yí ọ̀pá tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà ka ìṣẹ́jú-àáyá fúnra rẹ̀, mo fò sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sáré, etí ìlà lọ́wọ́ òsì nìkan ni mo bá.

Nínú fọ́tò kẹwàá yìí, orí mi gùn bíi ìbẹ́pẹ. Àǹtí mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti rí tiwọn. Ṣùgbọ́n ilé náà wọlé láti igun dé igun: ilẹ̀kùn, fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, páànù tó ti dípẹtà, ibi tí ẹ̀yìn àwọn àgbà ti dán ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Òun náà ni Bàbá mú. Wọ́n fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó fún ìgbà pípẹ́, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n gbójú sókè. “Níbo lo ní o ha á?”

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní, katapílà wá. Fọ́tò náà ti wà ní pálọ̀ wa nígbà náà.

Bàbá dá Gbogbo Ẹbí padà sínú àpótí, pẹ̀lú àpò kékeré kan tó ń fa ọ̀rinrin, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ọrùn wọn ni kọ́kọ́rọ́ náà wà. Màmá àgbà yóò pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin ní oṣù kẹjọ, inú pálọ̀ kékeré yẹn náà ni gbogbo wa yóò sì kún sí. Mo ti tọrọ lẹ́ńsì náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ṣì ń rò ó.